Corolla tó ń fi táńkì kan ṣe ọ̀sẹ̀ kan, tí epo ẹ̀ wá ń tán lọ́jọ́ Tọ́sìdeè

Ìbéèrè: "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí, Òjóò n'Ìbàdàn ni mò ń gbé, Ọ̀yọ́ ni ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni wà, àlọ àtàbọ̀ mi ń tó bíi 100 kìlómítà lójúmọ́. Corolla 2006 tókúnbọ̀ ni mò ń wà, ọtọmátíìkì ni. Tẹ́lẹ̀ tí mo bá rọ epo kún táńkì láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo máa lò ó di alẹ́ Fúráìdé, á ṣì ku bíi ìdá kan nínú mẹ́rin. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí, tí mo bá fi máa dé Ọ̀yọ́ láàárọ̀ Tọ́sìdeè iná epo ti tàn. Ariwo ẹ́ńjìn náà tún pọ̀ sí i tí mo bá ń sáré. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìn ti gbó, kí n lọ ra ẹ́ńjìn tókúnbọ̀ míì, ẹlòmíì ní injector ni. Mo ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, mo ti pààrọ̀ air filter, kò sí ìyàtọ̀. Ọkọ̀ náà gbóná lọ́nà Fìdítì lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe ìyẹn tán, kò gbóná mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n ṣe?"

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ wa, ẹ sì kú ìnáwó. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan kúrò ní bíi ₦190 tó fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó sì tún ń gun òkè lọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí mọ́tò ẹ̀ bá ń mu epo lódì, owó ọbẹ̀ ilé ló ń gba inú salẹ́nsà jáde yẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ fara balẹ̀ dá yín lóhùn, ẹ má bínú tó bá gùn.

Kí n tètè sọ ibi tọ́kàn mi lọ. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, èyí tí ẹ fi sí ìparí, tí ẹ kọ bí ẹni pé kò kan ọ̀rọ̀ náà, òun gan-an ni mo dúró lé: ọkọ̀ gbóná lọ́nà Fìdítì, wọ́n ti ṣe ìyẹn. Ìgbà wo ló gbóná? Ẹ lọ wo fóònù yín, ẹ wo ọjọ́ tí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì yẹn. Tó bá jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, a ti ń rí ọ̀nà lọ. Ẹ́ńjìn tó ń gbó, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo, lọ́dún yìí díẹ̀, lọ́dún tó ń bọ̀ díẹ̀ sí i, kì í sùn ní Sọ́ńdè kó jí ní Mọ́ńdè kó di ọ̀mùtí. Èyí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ lójijì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ wá kiri ni ọjọ́ yẹn, kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ta ló fọwọ́ kàn án, kí ni wọ́n yọ, kí ni wọ́n fi sí i, táyà wo lẹ rà, ilé epo wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mi ò kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n tó béèrè ìyẹn. Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ẹ́ńjìn kankan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ohun tí ẹ sọ. Táńkì Corolla yẹn gba lítà 50. Tẹ́lẹ̀ ẹ ń rin 500 kìlómítà lọ́sẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ń ṣẹ́kù, ìyẹn ni pé bíi lítà 38 lẹ ń lò, lítà kan ń gbé yín rin kìlómítà 13. Dáadáa ni o, bó ṣe yẹ kí Corolla 1.8 ọtọmátíìkì ṣe nìyẹn lójú ọ̀nà tó já geere. Nísinsìnyí iná ń tàn ní bíi 350 kìlómítà, tí epo díẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ táńkì, lítà kan wá ń gbé yín rin bíi 8 péré. Tí ẹ bá fẹ́ rin 500 náà báyìí, ẹ máa lò tó lítà 61. Lítà 23 ló ń ṣòfò lọ́sẹ̀ kan. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta lítà kan ládùúgbò yín sọ ọ́ di owó, ẹ máa rí i pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe yìí máa san ara ẹ̀ padà kó tó pẹ́.

Ṣùgbọ́n ìṣirò táa fi ìka táńkì àti iná epo ṣe nìyẹn, kò ṣe é gbára lé pátápátá. Ìka yẹn máa ń purọ́, iná yẹn náà máa ń tàn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí òkè. Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lọ sí ilé epo kan láàárọ̀, ẹ ní kí wọ́n rọ ọ́ títí ẹnu pọ́ọ̀ǹpù á fi já fúnra ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún fún un sí i. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ìrìn tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ máa lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ padà sí pọ́ọ̀ǹpù yẹn kan náà, ẹ tún rọ ọ́ títí á fi já, ẹ wo iye lítà tó wọlé, ẹ fi pín ìrìn tí ẹ rìn. Ìyẹn ni nọ́ńbà gidi. Kí ẹ sì ṣọ́ ohun kan o: tókúnbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló máa ń kà, kì í ṣe kìlómítà, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.6, èèyàn púpọ̀ ti pariwo sí mi pé lítà kan ò gbé wọn ju 8 lọ, máìlì ni wọ́n ń kà, mọ́tò wọn ò ní àrùn kankan. Tiyín kò jọ bẹ́ẹ̀ torí ẹ ti mọ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ wò ó náà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Fìdítì. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí, mo ti rí i kọjá kíkà. Ọkọ̀ á gbóná lójú ọ̀nà, wọ́n á pe mẹkáníìkì, mẹkáníìkì á tú thermostat, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣọ́ omi tó ń lọ sí rédíétọ̀, á yọ ọ́, á gbé e dà nù, á dí ibẹ̀ padà láìsí nǹkan nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà á pe riwáyà, riwáyà á so fáànù rédíétọ̀ mọ́ iná tààrà, pé tí ẹ bá ti tan kọ́kọ́rọ́ báyìí kí fáànù máa yí, kó má dúró mọ́ títí ẹ ó fi pa mọ́tò. Ọkọ̀ ò ní gbóná mọ́ lóòótọ́. Oníbàárà á dúpẹ́, á sanwó. Epo á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Kí èmi náà sọ òótọ́, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ohun tí ọ̀gá wa kọ́ wa nìyẹn. Ó ní àwọn òyìnbó fi thermostat sí i nítorí yìnyín ni, pé ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò ẹ̀. A gbà á gbọ́, a sì ń yọ ọ́. Ọjọ́ tí mo ra sìkánà àkọ́kọ́ tó ń fi ìgbóná omi hàn mí bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, mo fi sí Camry kan tí mo ti yọ tiẹ̀ fúnra mi, mo wà á gba Mọ́níyà lọ sókè láàárọ̀ kùtù, omi inú ẹ́ńjìn yẹn ò kọjá 60°C. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń wò ó. Oníbàárà yẹn ti ń ráhùn epo fún oṣù mẹ́ta, plọ́ọ̀gì ni mo ń pààrọ̀ fún un. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo ra thermostat tuntun, mo fi sí i lọ́fẹ̀ẹ́, láti ọjọ́ yẹn mi ò yọ ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Lóòótọ́ ilẹ̀ wa gbóná, ó lè tó 35°C níta. Ṣùgbọ́n ìgbóná tí ẹ́ńjìn yẹn fẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, bíi 85 sí 95 ni. Láti 35 dé 85, àádọ́ta ni ó ṣì kù. Oòrùn Ìbàdàn ò lè fún un ní àádọ́ta yẹn, thermostat ló ń bá a tọ́jú ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí Toyota ń tà ní Dubai àti Saudi Arabia, níbi tí ooru ti ju tiwa lọ fíìfíì, thermostat wà nínú wọn. Nínú ìwé àtúnṣe tí Toyota fúnra wọn ń kọ fún àwọn mẹkáníìkì, ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ pé ẹ má yọ thermostat, kódà tí ẹ́ńjìn bá ń gbóná jù. Àwọn tó ṣe mọ́tò ló sọ bẹ́ẹ̀.

Thermostat yìí, nǹkan kékeré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ọmọrí ìgò ńlá lọ. Ó jókòó sójú ọ̀nà omi láàárín rédíétọ̀ àti ẹ́ńjìn. Ìda wà nínú ẹ̀ bíi ti àbẹ́là, tí omi bá gbóná ìda yẹn á wú, á ti ilẹ̀kùn kan ṣí, omi á ráyè kọjá sí rédíétọ̀ lọ tutù. Tí omi bá tutù jù ìda á sún kì, ilẹ̀kùn á padé. Ti Corolla yín, láàárín 80 sí 84°C ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ilẹ̀kùn ò sí mọ́, omi ń lọ sí rédíétọ̀ nígbà gbogbo, àgàgà tí ẹ bá wà lórí eré tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu rédíétọ̀ yẹn láti Mọ́níyà títí dé Ìlọrà, tí fáànù tún ń yí láìdúró.

Báwo wá ni omi tútù ṣe ń mu epo? Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, tí àwa ń pè ní brain box, sẹ́ńsọ̀ kan ló ń sọ fún un bí omi ṣe gbóná tó. Tí omi bá tutù, brain box á rò pé ṣe lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sitáàtì mọ́tò láàárọ̀. Ẹ mọ bí igi tí òjò pa ṣe rí tí èèyàn bá fẹ́ dáná, kẹrosíìnì tí ẹ máa dà sí i máa pọ̀ ju ti igi gbígbẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni brain box ṣe ń ṣe, ó ń fún ẹ́ńjìn tútù ní epo lé, kó lè jó. Láàárọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ nìyẹn yẹ kó jẹ́. Nínú ọkọ̀ tí kò ní thermostat, láti Òjóò dé Ọ̀yọ́ ló máa ń jẹ́. Ọ́yìlì ẹ́ńjìn náà ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, á ki, ẹ́ńjìn á máa fi agbára yí ọ́yìlì tó ki. Epo tó pọ̀jù yẹn á máa fọ ọ́yìlì kúrò lára sìlíńdà, á máa ṣàn sísàlẹ̀ lọ pò mọ́ ọ́yìlì. Ẹ fa géèjì ọ́yìlì yín yọ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ń rùn bí epo mọ́tò, tàbí tó ga ju bí ẹ ṣe rọ ọ́ lọ, ẹ tètè pààrọ̀ ọ́yìlì yẹn kó má bàa ba ẹ́ńjìn jẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìn á wá gbó lóòótọ́.

Ẹ ò nílò sìkánà kí ẹ tó mọ̀ bóyá wọ́n ti yọ tiyín. Ẹ wo ìka ìgbóná lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ní C nísàlẹ̀ àti H lókè. Tí thermostat bá wà tó sì dáa, láàárín bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìka yẹn á gòkè dé ìtòsí àárín, á sì jókòó síbẹ̀ láìmira, ẹ wà nínú gó-síló o, ẹ wà lórí eré o, ibì kan náà ni. Tí kò bá sí, tàbí tó bá há sí ṣíṣí, ìka á gòkè díẹ̀ nígbà tí ẹ bá há sínú gó-síló Òjóò, tí ẹ bá ti kọjá Mọ́níyà tí ẹ fún un níná, ìka á tún máa sọ̀kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ orí eré yẹn ni àmì tó dá mi lójú jù. Ẹ tún tan kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ nígbà tí ọkọ̀ tutù, ẹ fetí sí iwájú. Tí fáànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìn ò tíì gbóná, tí ẹ ò sì tan AC, wọ́n ti so ó mọ́ iná tààrà nìyẹn.

Ariwo ẹ́ńjìn tí ẹ sọ pé ó pọ̀ lórí eré, òun náà ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fojú fò ó. Gíà mẹ́rin ni ọtọmátíìkì yín ní, ìkẹrin ni wọ́n ń pè ní overdrive. Tí ẹ bá wà lórí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí gíà ìkẹrin ti wọlé, ìka RPM, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìn ń yí ní ìṣẹ́jú kan, yẹ kó wà ní bíi 2,500. Tó bá wà ní 3,500 sókè, gíà ìkẹta lẹ wà, ẹ́ńjìn ń yí ju bó ṣe yẹ lọ láti Òjóò dé Ọ̀yọ́, kò sì sí bí kò ṣe ní mu epo. Ohun méjì ló lè fà á. Èkíní, bọ́tìnnì kékeré kan wà lára ọwọ́ gíà, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, "O/D OFF" á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn mẹkáníìkì máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń dán ọkọ̀ wò, ọmọ tó jókòó síwájú náà lè tẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ takisí kan wá bá mi nígbà kan, ó ti náwó lórí injector, ó ti náwó lórí pọ́ọ̀ǹpù epo, bọ́tìnnì yẹn ló jẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ padà, mo ní kó máa lọ. Èkejì, tí iná O/D OFF ò bá tàn rárá àmọ́ tí gíà ò wọ ìkẹrin, omi tútù náà ni: brain box kì í fẹ́ gbà kí gíà wọ overdrive tí ẹ́ńjìn ò bá tíì gbóná tó. Ìyẹn ni pé thermostat tí wọ́n yọ kan ṣoṣo lè máa jẹ yín níyà lọ́nà méjì, ó ń rọ epo lé, ó tún ń fà yín dúró ní gíà ìkẹta. Mo rò pé ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú lítà 23 yẹn wà.

Àtúnṣe ẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ má kàn ra thermostat kí ẹ fi sí i kí ẹ lọ o, torí nǹkan kan ló gbé ooru Fìdítì wá, wọn ò sì tíì wá nǹkan náà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá. Tí ẹ bá dá thermostat padà láìwo ìyókù, ó lè tún gbóná, ẹ máa wá sọ pé èmi ni mo ba yín lọ́kọ̀ jẹ́. Kí mẹkáníìkì wo rédíétọ̀ bóyá ìpẹtà ti dí i, omi ẹ̀rọ tí gbogbo wa ń dà sí i dípò coolant, omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ló ń fa ìyẹn. Kó wo ọmọrí rédíétọ̀, rọ́bà abẹ́ ẹ̀ ló ń jẹ́ kí omi wà lábẹ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí kò fi ní hó ní 100°C, tí rọ́bà yẹn bá ti gé, omi á máa hó, á máa dà nù. Kó wo bóyá mọ́tò fáànù fúnra ẹ̀ ti kú díẹ̀, kó wo water pump bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà kó wo gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìn: kí ọkọ̀ tutù pátápátá kó tó ṣí rédíétọ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i nígbà tó gbóná, omi yẹn máa ń bó èèyàn. Tí wọ́n bá sitáàtì ẹ́ńjìn tí afẹ́fẹ́ ń hó pùtùpùtù nínú rédíétọ̀ láìdúró, tàbí tí ọ́yìlì ti dà bí tíì onímílíìkì, gáskẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti epo.

Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, ẹ ra thermostat. Ẹ lọ sí Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, ẹ sọ fún wọn pé ti ẹ́ńjìn 1ZZ lẹ fẹ́, orúkọ ẹ́ńjìn tó wà nínú ọkọ̀ yín nìyẹn, ẹ ra òrìgínà, kí ẹ ra rọ́bà ẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fi sí i, ẹ dán an wò nílé. Ẹ bu omi sínú ìkòkò tí ẹ ò fi se oúnjẹ mọ́, ẹ fi okùn so thermostat náà kó má fara kan ìdí ìkòkò, ẹ gbé e kaná. Bí omi ṣe ń gbóná lọ, kó tó hó, ẹ máa rí i tó ń la ẹnu. Tí omi bá ti hó tí kò ṣí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìyẹn gbà, ó sì ti gba ẹ́ńjìn èèyàn púpọ̀ là, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà, èyí tó bá sì há sí pípadé ló máa ń jó ẹ́ńjìn. Ẹ̀yìn alternator ni ilé ẹ̀ wà nínú ọkọ̀ yín, mẹkáníìkì tó bá mọ 1ZZ mọ ibẹ̀. Kí wọ́n rọ coolant sí i, kí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde nínú ẹ̀ dáadáa, kí riwáyà sì dá fáànù padà sórí relay ẹ̀, ìyẹn swíìṣì tó ń tan fáànù tó sì ń pa á fúnra ẹ̀, kó lè máa yí nígbà tó bá yẹ nìkan.

Ẹ wá ẹni tó ní sìkánà nígbà tí iṣẹ́ yẹn bá parí, tàbí kí ẹ ra èyí kékeré tó ń lo Bluetooth, ẹ fi sí ihò abẹ́ sitiarín, fóònù yín á máa kà á. Ìgbóná omi lẹ máa kọ́kọ́ wò lórí ìrìn, ó yẹ kó wà láàárín 85 sí 95. Tí kóòdù P0128 tàbí P0125 bá wà nínú ẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe, ẹ̀rí nìyẹn pé brain box ti ń pariwo omi tútù látijọ́ yìí, wọ́n ò kàn bi í ni. Ṣé iná check engine yín ti ń tàn rí? Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìsitáàtì, ó gbọ́dọ̀ tàn nígbà yẹn. Tí kò bá tàn, wọ́n ti yọ gílóòbù ẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún yín, èyí tí mo kà sí ìwà ìkà.

Tí omi bá dé 90, tí gíà wọ ìkẹrin, tí nọ́ńbà yín sì padà sí 12 tàbí 13, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má ra nǹkan kan mọ́. Tó bá gòkè díẹ̀ àmọ́ tí kò dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, bíréèkì ni kí ẹ kàn sí. Ẹ rìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbi tí ẹ ò ti ní máa tẹ bíréèkì púpọ̀, ẹ rọra dúró, ẹ na ọwọ́ súnmọ́ rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tí ọ̀kan bá gbóná ju ìyókù lọ gan-an, kálípà ibẹ̀, ohun tó ń fún bíréèkì mọ́ra, ti há, bíréèkì ń fa ọkọ̀ yín sẹ́yìn láti Òjóò dé Ọ̀yọ́. Ìyẹn ju ọ̀rọ̀ epo lọ, ó lè gbiná tàbí kí bíréèkì má mú lọ́jọ́ tí ẹ nílò ẹ̀, ẹ ṣe é lọ́jọ́ yẹn.

Ìyókù ò gba àkókò. Ẹ wo jíjò: ẹ gbóòórùn abẹ́ ọkọ̀ àti ìdí ẹ́ńjìn láàárọ̀ kí ẹ tó sitáàtì, èkúté máa ń jẹ rọ́bà epo, tí ẹ bá gbóòórùn epo ẹ má sitáàtì rárá. Táyà náà, iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára síkà ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ má fi ti ojú fọkanáísà ṣe, bí ẹ bá sì ti pààrọ̀ táyà sí èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà ìrìn yín á máa kà kéré, á wá dà bí ẹni pé epo ń lọ. Ilé epo pẹ̀lú, ẹ gbìyànjú ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí a rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2022 tí wọ́n kó epo tí methanol ẹ̀ pọ̀jù wọ orílẹ̀-èdè yìí, methanol ò ní tó bíi ìdajì agbára tó wà nínú epo gidi, mọ́tò tó bá mu ún á máa béèrè sí i. Sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní MAF lè dọ̀tí, sípíréè ẹ̀ wà lọ́jà, kí ẹnikẹ́ni má fi aṣọ tàbí ìka nù ún, okùn inú ẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Oxygen sensor, sẹ́ńsọ̀ tó ń yẹ èéfín wò, òun náà lè kú, pàápàá lẹ́yìn oṣù kan tó ti ń mu èéfín epo tó pọ̀jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí sìkánà sọ ọ́ kí ẹ tó rà á, ó wọ́n.

Air filter tí ẹ pààrọ̀, kò burú, ó ń gba ẹ́ńjìn lọ́wọ́ eruku. Àmọ́ kì í ṣe òun ló ń mu epo nínú ọkọ̀ injector, ìyẹn èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí bí epo ṣe ń fọ́n wọ ẹ́ńjìn. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà dán an wò lọ́dún 2009, wọ́n dí filter ọkọ̀ ìgbàlódé, epo tó ń mu ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, agbára láti sáré ló dínkù. Àwọn ọkọ̀ ayé àtijọ́ tó ń lo carburettor ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí. Plọ́ọ̀gì tí wọ́n yọ, ṣé ó wà lọ́wọ́ yín? Ẹ wo ẹnu ẹ̀. Tó bá dúdú tó gbẹ bí èédú ìdí ìkòkò, epo ló ń pọ̀jù nínú ẹ́ńjìn, ó bá ohun tí mo ń sọ mu. Tó bá pọ́n bíi ilẹ̀ pupa tó rọ̀, ẹ́ńjìn ń jó dáadáa, ẹ kọ́kọ́ lọ wo gíà àti bíréèkì kí ẹ tó fọwọ́ kan thermostat.

Lọ́la tí ẹ bá ń lọ Ọ̀yọ́, ẹ wo ohun mẹ́ta fún mi: ibi tí ìka ìgbóná wà nígbà tí ẹ bá kọjá Ìròkò, iye tí RPM ń kà ní 100, àti bóyá fáànù ń yí láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbóná. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín wo RPM yẹn o, kí ojú yín wà lójú títì. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò plọ́ọ̀gì yẹn.